Ilé Là Ń Wò: Àríwísí lórí Orúkọ Àwọn Ìpín Ìgbì Iná-òun-Òòfà

Àwọn àgbà ló ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò pin sí ọjọ́ ìkómọ nìkan. Ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ tí a kò jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn baba wa. Láti ọdún 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ètò ọlọ́dún mẹ́fà sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kò tún yẹ kí ẹnikẹ́ni máa bi wá léèrè bóyá èdè wa lè gbé sáyẹ́ǹsì. Ìbéèrè tí ó kù ni pé: báwo ni ó ṣe ń gbé e? Ṣé bí ìyá ti ń gbé ọmọ pọ̀n ni, tàbí bí alágbàrù tí kò mọ ohun tí ó wà nínú ẹrù tí ó wà lórí rẹ̀?

Ẹ̀ka ìmọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi dán ìbéèrè yìí wò. Òun ni ti ìgbì tí agbára iná mànàmáná àti agbára òòfà jùmọ̀ ń mì láti gbé rìn, èyí tí n ó máa pè ní ìgbì iná-òun-òòfà. Inú ọ̀wọ́ ìgbì yìí ni ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran wà. Inú rẹ̀ ni ti rédíò, ti tẹlifóònù alágbèéká àti ti X-ray ilé ìwòsàn wà pẹ̀lú. Ohun tí mo fẹ́ fi yé òǹkàwé ni pé púpọ̀ nínú orúkọ tí a ń fi pe àwọn ìpín ìgbì yìí ní kíláàsì àti lórí rédíò ń ṣi ènìyàn lọ́nà, àti pé ìṣìlọ́nà náà kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ó ń dé ara.

Ohun tí a fẹ́ sọ lórúkọ

Bí a bá ju òkúta sínú odò tí ó dákẹ́, ìgbì a máa ti ibi tí òkúta náà bọ́ sí tàn lọ sí etí odò. Bí a bá wọn àyè tí ó wà láàárín orí ìgbì kan àti orí ìgbì tí ó tẹ̀lé e, ohun tí a rí ni gígùn ìgbì. Ní ọdún 1865 ni James Clerk Maxwell, ọmọ ilẹ̀ Scotland, fi ìṣirò hàn pé ìmọ́lẹ̀ jẹ́ irú ìgbì kan, ṣùgbọ́n pé kì í ṣe omi tàbí afẹ́fẹ́ ni ó ń mì nínú rẹ̀ bí kò ṣe agbára iná mànàmáná àti ti òòfà. Ní ọdún 1887, Heinrich Hertz bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ṣe irú ìgbì bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí, ní Karlsruhe ní ilẹ̀ Jámánì. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé ìdílé kan ni gbogbo wọn, àti pé gígùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tò wọ́n bí wọ́n ti gùn sí. Ti rédíò ni ó gùn jù. Ìgbì ilé-iṣẹ́ rédíò tí ó wà ní ojú 1000 lórí ìpín AM gùn tó 300 mítà. Ti FM tí ó wà ní ojú 100 gùn ní mítà 3, ìyẹn ni pé kò ga ju òrùlé yàrá lọ. Láti mítà 1 wá sí mìlímítà 1 ni ti ìpín tí àwọn Òyìnbó ń pè ní microwave. Èyí tí a fi ń gbé oúnjẹ gbóná nínú ẹ̀rọ ìdáná gùn ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 12. Láti mìlímítà 1 ni infrared ti bẹ̀rẹ̀, ó sì wá sí nǹkan bí nanomítà 700. (Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìdá kan nínú rẹ̀ ni nanomítà.) Láti nanomítà 700 sí 400 ni ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn ń rí, láti orí pupa títí dé orí àwọ̀ àlùkò. Bí a bá gé ẹyọ irun orí kan, ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ ni ó lè tò sí ìbú rẹ̀. Láti nanomítà 400 sí 10 ni ultraviolet. Láti 10 sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún nanomítà ni X-ray. Èyí tí ó kúrú ju ìyẹn lọ ni gámà.

Ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́ta. Èkíní, nínú òfìfo níbi tí kò sí ohunkóhun, ìyára kan náà ni gbogbo wọn fi ń rìn, ìyẹn mítà 299,792,458 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkejì, kò sí ọgbà láàárín ìpín kan àti èkejì; àwa ènìyàn ni a fi àdéhùn pa ààlà. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ wa, bí ìgbì bá ṣe ń kúrú sí i ni agbára tí ó wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ọmọ tí ó kéré jù nínú ìdílé yìí ni ó lágbára jù. Orúkọ tí kò bá jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rántí èyí kò tíì ṣe iṣẹ́ orúkọ.

Orúkọ tí àwọn Òyìnbó fún wọn

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé orúkọ tí ó wà nínú ìwé físíìsì ti Òyìnbó pé pérépéré, pé iṣẹ́ tiwa kò ju kí a tú u sí Yorùbá. Èyí ni àṣìṣe àkọ́kọ́. Bí a bá wo ilé tí a ti sọ àwọn ọmọ náà lórúkọ, a ó rí i pé ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó bí ọ̀pọ̀ nínú orúkọ wọn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń sọ ọmọ ní Abíọ́nà tàbí Abíọ́dún.

Ní ọdún 1800, William Herschel tan ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta kọjá, ó sì fi ohun èlò ìwọn-ooru wo bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ti gbóná tó. Nígbà tí ó gbé e sí ibi tí pupa parí sí, tí ojú kò rí nǹkan kan mọ́, ibẹ̀ gan-an ni ó gbóná jù. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Johann Ritter ní ilẹ̀ Jámánì lọ sí òdì kejì. Ó lo èròjà fàdákà kan tí ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ di dúdú, ó sì rí i pé ibi tí àwọ̀ àlùkò parí sí, nínú òkùnkùn, ni èròjà náà ti yára dúdú jù. Ohun tí ó dára láti mọ̀ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ìtànṣán wọ̀nyí ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pè wọ́n: wọ́n pe ti Herschel ní ìtànṣán ooru, wọ́n sì pe ti Ritter ní ìtànṣán tí ń yí èròjà padà. Lẹ́yìn náà ni orúkọ tí ó ń tọ́ka sí ‘ìsàlẹ̀ pupa’ àti ‘ìkọjá àlùkò’ gba ipò. Ní ojú tèmi, orúkọ ìṣáájú ni ó sàn jù. Èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ sọ ibi tí ìtànṣán náà ń gbé, kò sọ ohun tí ó ń ṣe.

Ti X-ray tún yàtọ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1895, Wilhelm Röntgen rí ìtànṣán kan tí ó gba inú ohun tí ó dí kọjá. Nítorí pé kò mọ ohun tí ó jẹ́, ó fi lẹ́tà X pè é, gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ìṣirò ti ń pe ohun tí kò tíì mọ̀. A ti mọ̀ ọ́n báyìí ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, orúkọ ‘Èmi-kò-mọ̀-ọ́n’ náà sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀.

Gámà ni tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí àwàdà. Ernest Rutherford ti pe oríṣi ìtànṣán méjì ní álífà àti bẹ́tà ní ọdún 1899, èyí tí í ṣe lẹ́tà kìíní àti ìkejì ní èdè Gíríìkì. Paul Villard rí ẹ̀kẹta ní Paris ní ọdún 1900, Rutherford sì pe ìyẹn ní gámà, lẹ́tà kẹta, ní ọdún 1903. Ìdòwú ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí ní ilé wa: ọmọ tí ó tẹ̀lé ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn, ìwádìí fi hàn pé álífà àti bẹ́tà kì í ṣe ìgbì iná-òun-òòfà rárá. Ègé kéékèèké ni wọ́n. Báyìí ni ó di pé Ìdòwú wà nínú ìdílé kan, tí Táíwò àti Kẹ́hìndé rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìdílé mìíràn.

N kò sọ èyí láti fi Òyìnbó ṣẹ̀sín. Orúkọ tí ó ti mọ́ wọn lẹ́nu ni, wọ́n sì mọ ìtàn rẹ̀. Àwa tí a fẹ́ tú u ni kò yẹ kí a jogún ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀ sí wa.

Orúkọ tí àwa náà ń pè wọ́n

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé tiwa. Àléébù mẹ́rin ni mo rí.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. A ń sọ pé ètò kan wà ‘lórí afẹ́fẹ́’, a sì ń pe ilé-iṣẹ́ rédíò ní ilé-iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́. Ohùn ènìyàn ni afẹ́fẹ́ ń gbé. Ìgbì rédíò kò nílò rẹ̀. Bí ó bá ṣe pé afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé ìgbì ìdílé yìí, òkùnkùn ni à bá wà, nítorí nǹkan bí mílíọ̀nù 150 kìlómítà ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń rìn nínú òfìfo kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ ó lé díẹ̀. Síbẹ̀, n kò ní kí a pa agbóhùnsáfẹ́fẹ́ rẹ́. Ó ti di ọmọ ilé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé inagijẹ ni. Ẹ sì wo bí asọ̀rọ̀mágbèsì ti ta á yọ! Ẹni tí ó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yẹn kò sọ nǹkan kan nípa afẹ́fẹ́ tàbí wáyà. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe sí olùgbọ́ ni ó wò. Ìdí nìyẹn tí orúkọ náà fi bá àpótí Rediffusion mu, tí ó jẹ́ pé wáyà ni ó ń gbé ohùn wá sínú rẹ̀, tí ó sì tún bá rédíò tí kò ní wáyà mu láìsí àtúnṣe.

Èkejì ni ‘kékeré’ àti ‘kúkúrú’. Àwọn tí ó máa ń gbọ́ rédíò ilẹ̀ òkèèrè mọ ìpín tí a ń pè ní ìgbì kúkúrú, ti mítà 25, 31 àti 49. Ìgbì ‘kúkúrú’ wọ̀nyí gùn ju ti FM lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ sí mẹ́rìndínlógún! Ìgbì AM tí ó wà ṣáájú wọn ni wọ́n fi wé tí wọ́n fi pè wọ́n ní kúkúrú. Bákan náà ni microwave, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìgbì kékeré, ó sì gùn ju ìgbì ìmọ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹni tí ó bá tú u sí ‘ìgbì kékeré’ ti fi òdì kọ́ ọmọ.

Ẹ̀kẹta ni àwọ̀. Àwọn kan ń kọ ‘ìsàlẹ̀ pupa’ fún infrared. Ibo ni pupa parí sí lọ́dọ̀ Yorùbá? Epo pupa, ilẹ̀ pupa, ènìyàn pupa: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kì í ṣe pé ojú wa kò mọ àwọ̀. Àwọn aláró wa ya àyìnrín sọ́tọ̀ kúrò lára ẹtù, bẹ́ẹ̀ aró kan náà ni. Ṣùgbọ́n ààlà tiwa kì í ṣe ààlà gíláàsì onígun mẹ́ta. Yàtọ̀ sí èyí, ‘ìsàlẹ̀’ náà fúnra rẹ̀ lòdì sí bí a ṣe tò wọ́n. Bí a bá ń fi gígùn tò wọ́n, infrared gùn ju pupa lọ. Òkè ni ó wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, tí ó burú jù, ni ‘ìtànṣán olóró’. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn òǹkọ̀wé àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ń lò fún gbogbo ìdílé náà, láti orí òpó tẹlifóònù títí dé orí gámà. Bí ẹni tí ó pe gbogbo ohun tí ń fà nílẹ̀ ní paramọ́lẹ̀ ni: kò ní mọ ìgbà tí paramọ́lẹ̀ dé.

Ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà

Láti orí rédíò dé orí ìmọ́lẹ̀, olórí ohun tí ìgbì wọ̀nyí lè ṣe sí ara ni kí wọ́n mú un gbóná bí wọ́n bá pọ̀ jù. Láti orí ultraviolet lọ sí orí gámà ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti ní agbára láti ba èròjà inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́, tí ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ààlà yìí ni ó yẹ kí orúkọ fi hàn wá.

Ní ọdún 2020 tí àrùn kòrónà dé, àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáná sun òpó tẹlifóònù, wọ́n ní ìgbì 5G ni ó fà á. Ariwo náà dé ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni ó di ọdún 2022 kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta 5G fún aráàlú níbí. Ìgbì 5G tí ó wọ́pọ̀ gùn ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ ààbọ̀. Ti tẹlifíṣọ̀n tí ó ń ti òkè sánmà wá sínú àwo tí a kàn mọ́ ògiri ilé wa kúrú jù ú lọ; kò tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ẹni tí ó mọ ìtòlẹ́sẹẹsẹ gígùn ìgbì kò ní sá fún òpó, kí ó sì sùn sí abẹ́ àwo.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù òpó kọ́ ni ó dùn mí jù. Àìbẹ̀rù oòrùn ni. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, a ó rí ọmọ àfín láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn baba wa pè é ní ẹni òrìṣà, wọ́n sì ní kí a máa ṣọ́ ọ. Ara rẹ̀ kò ní ànító èròjà tí ó ń sọ awọ di dúdú, èyí tí ó ń gba ultraviolet dúró kí ó tó wọnú. Gbogbo òbí mọ̀ pé kò yẹ kí ó pẹ́ nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n kí ni a ń sọ fún wọn? A ń sọ pé kí wọ́n yẹra fún ‘ooru oòrùn’. Nítorí náà, ní àárọ̀ ọyẹ́ tí ara tutù, tàbí ní ọjọ́ tí kùrukùru bo ojú ọ̀run, wọn a fi í sílẹ̀ láìdé fìlà, láìwọ aṣọ alápá gígùn, nítorí kò sí ooru. Wọn kò mọ̀ pé ohun tí ń jó o kì í ṣe ooru. Ultraviolet kò gbóná lára, ojú kò rí i, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gba inú kùrukùru fẹ́lẹ́ kọjá. Olùkọ́ tí ó mú àwọn ọmọ tò sí gbangba fún àdúrà àárọ̀ kò ní ìkà nínú; ọ̀rọ̀ tí a fi kọ́ òun náà ni kò pé. Nítorí èyí ni mo ṣe ní àríwísí yìí kì í ṣe eré.

Àbá

Bí a bá wá fẹ́ sọ wọ́n lórúkọ, kí ni kí a wò? Mo dá a lábàá pé kí a wo nǹkan méjì: bí ìgbì náà ti gùn tó, àti ohun tí ó ń ṣe sí ohun tí ó bá kàn.

Kí a fi ìgbì rédíò sílẹ̀ bí ó ti wà. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, kò sì purọ́. Kí a pe microwave ní ìgbì onísẹ̀ǹtímítà, kí ìwọ̀n rẹ̀ lè wà lẹ́nu ẹni tí ó ń pè é. Kí infrared padà sí orúkọ ìṣáájú, ìgbì ooru. Kí X-ray àti gámà dúró bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ti fìdí múlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kí a máa sọ ‘ìtànṣán akónibá’ mọ́ wọn, kí aláìsàn lè mọ ìdí tí òṣìṣẹ́ fi ń wọ aṣọ òjé nígbà tí ó bá ń yàwòrán egungun lójoojúmọ́. Ní ti ultraviolet, mo fara wé ẹni tí ó dá asọ̀rọ̀mágbèsì: kí a pè é ní ajónimátàn, èyí tí ń jóni láìtàn.

Mo mọ̀ pé a ó rí ẹni tí yóò takò mí. Yóò ní gbogbo ìgbì tí ara bá gbà mu ni ó ń di ooru, kì í ṣe ti infrared nìkan. Òótọ́ ni, ti onísẹ̀ǹtímítà pàápàá ń se oúnjẹ. Ṣùgbọ́n infrared ni ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná fi ń ránṣẹ́ sí ọwọ́ wa kí a tó fi kàn án. Ẹlòmíràn yóò ní oyin ń rí díẹ̀ nínú ultraviolet, pé ó ń tàn lójú tirẹ̀. Òótọ́ ni ìyẹn náà; ṣùgbọ́n èdè ènìyàn ni à ń sọ, ojú ènìyàn ni a sì fi pe ìmọ́lẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní orúkọ tí ó dára ju tèmi lọ, kí ó mú un wá. Ohun tí n kò gbà ni kí a má wo ilé rárá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ ń lọ fún ìdánwò iṣẹ́ olùkọ́ṣẹ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ní ọjọ́ tí ẹ bá dúró níwájú kíláàsì, tí ẹ bá rí ọmọ àfín ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ẹ rántí pé gíláàsì kò dá gbogbo ajónimátàn dúró. Ẹ rọra mú un wá sí àárín. Ẹ sì fi èdè ìyá rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún un, ní orúkọ tí yóò lè gbé délé sọ fún ìyá rẹ̀.